Gílóòbù iwájú ọkọ̀ tó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: bí ẹ ó ṣe yàn án, àti ohun tí ẹ ó ṣe kí ẹ tó náwó

Tí ẹ bá dé Ládipọ̀ tí ẹ ní gílóòbù iwájú ọkọ̀ tó mọ́lẹ̀ dáadáa lẹ ń wá, LED ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé síwájú yín. Fáànù kékeré ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ 20,000 lumen, ìyẹn ìwọ̀n iye ìmọ́lẹ̀, gàdàgbà sára páálí. Ọmọ ìsọ̀ á so ó mọ́ bátìrì, á kọ mànà, ẹ ó sì fọwọ́ bojú. Ta ni yóò sọ pé kò mọ́lẹ̀? Àmọ́ ojú yín ló mọ́lẹ̀ sí. Kòtò tó wà níwájú yín ní 60 mítà, ọ̀kadà tí kò ní iná lẹ́yìn, tírélà tó kú sójú títì tí wọn ò fi ewé kan ṣe àmì sí i, àwọn wọ̀nyí la torí wọn ra iná, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dán ìyẹn wò nínú ìsọ̀.

Iná tó bá dé ojú ọ̀nà, níbi tó yẹ kó dé, òun nìkan ni mo kà sí ìmọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ríra gílóòbù kò fi sí lókè nínú ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí. Corolla 2003 sí 2008 tó wá láti Amẹ́ríkà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí kò sí àdúgbò tí ẹ ò ní bá a. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ mìíràn á kàn pààrọ̀ nọ́ńbà ni, ọgbọ́n rẹ̀ ò yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú iná náà

Ẹ dúró síwájú ọkọ̀ yín lọ́sàn-án gangan, ẹ wo inú iná náà. Ṣé ẹ rí gílóòbù kedere? Ṣé ẹ rí irin dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀? Tí ojú iná bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tàbí tó ti funfun bàìbàì, kò sí gílóòbù tí ẹ fẹ́ rà tí kò ní ṣòfò síbẹ̀. Ike ni ojú iná ọkọ̀ òde òní, kì í ṣe gíláàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíláàsì la ṣì ń pè é. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan bò ó kí oòrùn má baà rí i mú. Ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún lábẹ́ oòrùn, tiwọn lọ́hùn-ún àti tiwa níbí, nǹkan náà ti jó kúrò lára rẹ̀. Ní 2018, AAA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Amẹ́ríkà, yẹ irú iná bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde nínú èyí tó ti pọ́n kò ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ti tuntun lọ. Gílóòbù wo lẹ fẹ́ rà tí yóò dí ihò tó tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ lè fọ̀ ọ́ fúnra yín ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọ̀dà tó yí i ká kí ẹ má baà ha bọ́dì. Ẹ ki sáńpépà 800 bọ omi, ẹ máa fi ha á lọ sápá kan, ẹ má ṣe yí i po. Omi tó kọ́kọ́ ń ṣàn sílẹ̀ á pọ́n. Ẹ ṣì ń bá iṣẹ́ lọ títí omi náà yóò fi máa funfun. Ẹ bọ́ sórí 1000, lẹ́yìn náà 2000, kí ẹ fi 3000 parí. Ní gbogbo àsìkò yìí ojú iná á dà bí ẹni pé ẹ ti bà á jẹ́ pátápátá, ẹ má jáyà. Pọ́líìṣì tí àwọn pẹ́ńtà fi ń dán ọkọ̀ ni yóò mú un padà wá. Ìgbésẹ̀ tí àwọn tó ń fọ̀ ọ́ lẹ́bàá títì máa ń fò ni èyí tó kàn: ẹ gbọ́dọ̀ fọ́n ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dènà oòrùn sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láàárín oṣù díẹ̀ á tún pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọṣẹ ìfọyín tí gbogbo ayé ń sọ náà ń dán an o, ṣùgbọ́n kò fi ohunkóhun bò ó lọ́wọ́ oòrùn.

Tó bá jẹ́ pé irin dídán inú rẹ̀ ló ti ṣí tàbí tó ti dúdú, kò sí fífọ̀ tó kàn án mọ́. Ẹ lọ ra odidi iná. Ní tèmi, tọ́kunbọ̀ ojúlówó tí ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀ sàn ju tuntun tí wọ́n fara wé e ṣe lọ, nítorí pé ojú ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tẹ irin inú rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ọ̀kan tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan. Apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, bíi ti Nàìjíríà kí a tó yí sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Iná dímù wọn ń gòkè díẹ̀ sápá òsì kó lè tan ẹ̀gbẹ́ títì wọn. Tiwa ńkọ́? Òsì ni ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín wà, ojú rẹ̀ gan-an ni iná náà yóò sì máa lọ, àní tí ẹ bá dím in.

Iná mélòó ló ń dé ìdí gílóòbù?

Èyí ni àwọn ènìyàn kì í yẹ̀ wò, òun sì ni mo rò pé ó yẹ ká pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Gílóòbù halogen, ìyẹn gílóòbù lásán tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń gbóná tó fi ń tàn, kì í dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìwọ̀n tí fóltì fi dín. Ó ń dín in kù ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. 13.2 fóltì ni wọ́n fi ń wọn gílóòbù ní ilé iṣẹ́. Tó bá jẹ́ 12 fóltì péré ló ń dé ìdí tiyín, ìmọ́lẹ̀ tó lé ní ìdámẹ́rin ti lọ, kí ẹ tó sọ pé gílóòbù ò dáa.

Ẹ wá mítà, irú èyí tí rìwáyà ń lò. Ẹ tan mọ́tò, ẹ tan iná dímù, ẹ tan ẹ́síì pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ wọn orí bátìrì: láti 13.8 sí 14.4 ló yẹ kí ẹ rí. Tó bá kéré sí 13.5 tí mọ́tò sì ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti kan ọ̀tanátọ̀ (alternator, ẹ̀rọ tó ń cháájì bátìrì), ẹ fi gílóòbù sílẹ̀ ná. Tí orí bátìrì bá dáa, ẹ ti ẹnu mítà bọ ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì gílóòbù láì yọ ọ́, kí iná ṣì máa tàn. Kí ohun tí ẹ bá níbẹ̀ má fi ju ìdajì fóltì kéré sí ti orí bátìrì. Àwọn mìíràn á yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, wọ́n á rí 14, wọ́n á sì ní kò sí wàhálà. Wáyà tó ti jẹra lè gbé 14 fóltì nígbà tí kò ru ẹrù kankan; ìgbà tí gílóòbù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà ni àṣírí á tú.

Tí fóltì bá ń sọnù lójú ọ̀nà, wáyà áàtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, èyí tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ irin bọ́dì nítòsí iná. Ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò lára irin àti lára orí wáyà, ẹ dè é padà kó le, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ẹsẹ̀ bàbà inú rẹ̀. Tí ike rẹ̀ bá ti dúdú tàbí tó ti yọ́ díẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Rìwáyà tó mọṣẹ́ á fi wáyà tó nípọn so ó, kò ní fi wáyà rédíò ṣe é. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ pé inú súìṣì lábẹ́ sítíàrìn ni gbogbo iná ń gbà kọjá, ẹ ní kó fi rílè (relay, súìṣì tó ń gbé iná ńlá) méjì àti fíúsì gba iná tààrà láti bátìrì fún yín. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọn ò pààrọ̀ gílóòbù kankan nínú rẹ̀ tí ẹni tó ni ín bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye tí wọ́n ra tuntun.

Nọ́ńbà ni kí ẹ bá wọn sọ, ẹ má ṣe sọ orúkọ ọkọ̀ nìkan

Corolla Amẹ́ríkà 2003 sí 2008: 9006 ni ti dímù, 9005 ni ti fúùlù. Corolla 2009 sí 2013 àti Camry 2007 sí 2011 láti Amẹ́ríkà: H11 ni ti dímù, 9005 ni ti fúùlù. Bọ́ọ̀sì HiAce ń lo H4, èyí tó ní wáyà méjì nínú gílóòbù kan ṣoṣo, ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúùlù. Tí páálí bá wá láti Yúróòpù, HB4 ni wọ́n ń pe 9006, HB3 sì ni 9005. Àmọ́ ẹ má fi gbogbo ara gbára lé mi lórí ọkọ̀ tiyín, torí ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti pààrọ̀ odidi iná. Ẹ yọ èyí tó wà nínú rẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó bá ohun tí wọ́n kọ sára ike iná náà mu.

Nọ́ńbà yìí ló tún ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yín lè dé. Ní 13.2 fóltì, ìwọ̀n tí òfin Yúróòpù gbé kalẹ̀ fún HB4 jẹ́ 1,095 lumen, ti H11 jẹ́ 1,350, ti H7 jẹ́ 1,500, ti HB3 sì jẹ́ 1,860. H4 ní 1,000 ní dímù àti 1,650 ní fúùlù. Ẹ ó rí i nísinsìnyí ìdí tí ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú Camry 2009 tó wọ Corolla 2005 fi máa ń ṣàròyé lálẹ́.

Àwọn ọmọ ìsọ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ ó gbọ́ ọ, "Ọ̀gá, 9005 ni kí ẹ fi sí dímù, ó máa wọlé, ẹ jẹ́ n fi ọ̀bẹ bẹ etí ẹ̀ díẹ̀." Yóò wọlé lóòótọ́ tó bá bẹ ẹ́. Àmọ́ 9005 kò ní ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi bo orí dígí 9006, ooru rẹ̀ sì pọ̀ jù, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri, ẹni tó ń bọ̀ níwájú á máa fi fúùlù bá yín jà. Tó bá jẹ́ ọ̀ràn bíbẹ etí, ọ̀kan wà tó nítumọ̀ jù ú lọ: 9012, tí wọ́n tún ń pè ní HIR2. Wáàtì 55 ni òun náà ń jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan kan kun ara dígí rẹ̀ tó ń dá ooru padà sára wáyà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,875 lumen. Àwọn tó fẹ́ràn iná ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń bẹ etí rẹ̀ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì 9006 tipẹ́. Òfin kò kọ ọ́ sílẹ̀ fún iná yín, ojúlówó rẹ̀ kì í sì í tètè wà lọ́jà, nítorí náà ẹni tó bá lè to iná rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn náà nìkan ni kó dé ibẹ̀.

Ohun tó wà nínú "+130%"

Philips ń ta X-tremeVision, Osram ń ta Night Breaker, àwọn mìíràn náà ní tiwọn. Wọ́n á kọ +100%, +130%, +150% sára páálí. Ẹ wo bó ṣe rí: òfin tó ní kí HB4 jẹ́ 1,095 lumen kò gbà kó fi ju ìdá 15 nínú 100 lọ sókè tàbí sílẹ̀. Báwo ni gílóòbù tó tẹ̀lé òfin yìí yóò ṣe wá fi 130 nínú 100 lé e? Kì í ṣe gbogbo ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ibi kan lójú títì ni wọ́n ń wọ̀n, bíi 50 sí 75 mítà níwájú, gílóòbù tó kéré jù tí òfin gbà ni wọ́n sì fi wé e. Wọ́n ṣe wáyà inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ká a mọ́ra, wọ́n sì fi gáàsì xenon kún inú dígí rẹ̀ ní títẹ̀ líle, kí ìmọ́lẹ̀ lè kóra jọ síbi tó jìnnà.

Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí òǹrajà rò. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó ṣókùnkùn, bíi ibi tí ẹ ti kúrò ní Ṣágámù tí iná ilé ò sí mọ́. Nínú ìgboro tí iná títì àti iná ìsọ̀ wà, owó náà fẹ́ẹ̀ ṣòfò. Ohun tí wọn kì í kọ gàdàgbà ni pé ẹ̀mí irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ kì í gùn. Gílóòbù lásán lè lo ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún wákàtí. Èyí tó lágbára jù máa ń kú ní nǹkan bí ìdámẹ́ta tàbí ìdajì àkókò náà. Ẹni tó ń wakọ̀ wákàtí méjì lálaalẹ́ ń lo 730 wákàtí lọ́dún kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí awakọ̀ èrò tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ra ojúlówó lásán tàbí èyí tí kò ju +30% lọ. Kí ẹni tó ń rìnrìn-àjò òru lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ra +100 sí +130. Òkè ìyẹn, mi ò rí ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀. Tí ọ̀tanátọ̀ yín bá sì ń yọ 14.8 sókè, ẹ má rà á rárá, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò fi jó.

Àwọ̀ búlúù

Mi ò ní pẹ́ níbí. Kelvin ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Halogen lásán wà ní nǹkan bí 3,200 Kelvin, ó ń pọ́n díẹ̀. Àwọn tó dára jù lọ nínú wọn wà láàárín 3,400 sí 3,700. Tí wọ́n bá kọ 5,000 tàbí 6,000 sára halogen, àwọ̀ ni wọ́n fi kun dígí rẹ̀, àwọ̀ náà sì ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ san owó fún. Ó ń jọ iná ọkọ̀ olówó ńlá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí òjò bá rọ̀ sórí ọ̀dà títì ni ẹ ó mọ̀ pé ẹ ò ríran mọ́.

LED àti xenon nínú iná halogen

Irin dídán inú iná yín kò kàn dán lásán. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìbámu pẹ̀lú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà ní ojú ibi kan ṣoṣo, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń jáde yí ká. LED kò ní wáyà. Pátákó pẹlẹbẹ kan ló ní, tí ìmọ́lẹ̀ ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Tí pátákó náà bá nípọn ju wáyà lọ, tàbí tó sún síwájú díẹ̀, irin náà á máa ju ìmọ́lẹ̀ síbi tí kò yẹ: díẹ̀ sójú ẹni tó ń bọ̀, èyí tó pọ̀ sí iwájú bọ́ńpà yín níbẹ̀.

Ti iwájú bọ́ńpà yìí ló ń tan awakọ̀ jẹ. Ilẹ̀ tó wà ní mítà márùn-ún sí mẹ́wàá á funfun báláú, ẹ ó sì rò pé ẹ ń ríran. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ibi tó sún mọ́ni bá mọ́lẹ̀ jù, ẹyinjú á sún kì, òkèèrè á wá ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ yín ń sá mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ni mítà mẹ́wàá fẹ́ ṣe fún yín?

LED tó dáa wà o. Ní Jámánì, láti 2020, wọ́n fọwọ́ sí LED kan tí Osram ṣe láti fi rọ́pò halogen, ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ tí wọ́n bá ti dán an wò nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nìkan ló wà fún. Ìyẹn náà fi hàn pé kò sí LED tó bá gbogbo iná mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ rántí pé láti oṣù kìíní 2021, ọkọ̀ tí wọ́n bá fi gílóòbù LED tàbí xenon (èyí tó ń fi gáàsì tàn, tí kò ní wáyà) sínú iná halogen rẹ̀ kò ní yege MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún wọn.

Tí ẹ bá ti rà á tí ọkàn yín kò sì gbà kí ẹ jù ú nù, ó kéré tán, ẹ yí i títí pátákó náà yóò fi dúró gbọọrọ, kí ojú tó ń mọ́lẹ̀ kọjú sí ọ̀tún àti òsì, kó má kọjú sókè àti sílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń dé ara fáànù rẹ̀. Tí ẹ bá fi rọ́bà dé e pa, ooru á mú un dín ìmọ́lẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Tí rédíò FM yín bá sì ń hó ṣààà látìgbà tí ẹ ti fi sí i, òun náà ni.

Xenon tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú gíláàsì róbótó tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ohun tó dáa ni: wáàtì 35 péré, ìmọ́lẹ̀ tó tó 3,200 lumen. Kíìtì xenon tí wọ́n ń sọ sínú iná Corolla ni mò ń bá wí.

Ọgọ́rùn-ún wáàtì

Wọ́n ń ta H4 tí wọ́n kọ 100/90W sí, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì sì fẹ́ràn rẹ̀. Gílóòbù wáàtì 55 ń fa nǹkan bí 4.6 ámpíà, ti 100 ń fa 8.3. Wáyà, súìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín kò retí ìyẹn. Ike sọ́kẹ́ẹ̀tì á kọ́kọ́ yọ́, irin dídán á jó, ojú iná á pọ́n láti inú wá níbi tí sáńpépà kò lè dé. Ẹ ti wá fi gílóòbù olówó pọ́ọ́kú ba iná olówó ńlá jẹ́.

Nínú ìsọ̀

Ẹ yọ gílóòbù kúrò nínú páálí, ẹ ka ara irin tàbí ike ìdí rẹ̀. Ojúlówó máa ń ní orúkọ ilé iṣẹ́, nọ́ńbà irú rẹ̀, 12V àti wáàtì, pẹ̀lú lẹ́tà E nínú róbótó kan tí nọ́ńbà tẹ̀ lé. E1 ni Jámánì, E4 ni Netherlands, E11 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i ni, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ṣe é. Tiwọn ní Amẹ́ríkà máa ń ní DOT. Ẹ wá lẹ́tà U pẹ̀lú: ó ń sọ pé dígí rẹ̀ ń dí ìtànṣán tó ń ba ike jẹ́, ojú iná yín sì jẹ́ ike.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ wo wáyà inú wọn sí ojú ọ̀run. Ó yẹ kó tọ́, kó wà láàárín gbùngbùn, kí ti méjèèjì sì ga dọ́gba. Nínú ayédèrú ẹ ó rí ọ̀kan tó wọ́, tàbí dígí tí wọn ò lẹ̀ tọ́ sórí ìdí rẹ̀. Bí wáyà bá fi mìlímítà kan kúrò lójú ibi tó yẹ, ìmọ́lẹ̀ ti bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí ayédèrú kì í fi í ríran bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáàtì rẹ̀ pé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan dígí náà bí ẹ ṣe ń wò ó.

Fífi sí i

Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù. Ooru gílóòbù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lè bó awọ ọwọ́. Ti Corolla àti Camry, ẹ tẹ etí sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ yí gílóòbù sápá òsì díẹ̀, á jáde. H4 àti H7 ní rọ́bà lẹ́yìn, àti wáyà kékeré tó dè wọ́n mọ́bẹ̀. Tí bátìrì bá dí ọwọ́ yín lọ́nà, ẹ tú u, ó yá ju kí ẹ máa fi ọwọ́ tó ti há wá ihò lọ.

Ìdí ni kí ẹ fi mú gílóòbù. Òróró ìka tó bá kan dígí á jó mọ́ ọn, ibẹ̀ á sì gbóná ju ibi yòókù lọ títí yóò fi bẹ́. Tó bá ti kàn án, ẹ fi aṣọ mímọ́ àti spírítì nù ún. Ẹ wo rọ́bà róbótó tó wà ní ìdí 9006 àti H11 kó má ká, òun ni kì í jẹ́ kí omi òjò wọlé.

Títo iná sára ògiri

Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí tí kò to iná, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú níwájú ògiri, ní alẹ́. Ẹ fún táyà bó ṣe yẹ, ẹ kó ẹrù kúrò nínú bùútù, kí ẹnì kan jókòó síbi awakọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ súnmọ́ ògiri, ẹ fi téèpù sàmì sí ibi tó ga dọ́gba pẹ̀lú àárín gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi ọkọ̀ sẹ́yìn tààrà títí ojú iná yóò fi jìnnà sí ògiri ní mítà márùn-ún.

Ẹ tan dímù, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀kan kí ẹ lè wo èkejì dáadáa. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti gé lókè gbọ́dọ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sísàlẹ̀ téèpù. Ìlà náà lè gòkè díẹ̀ sápá ọ̀tún. Tó bá gòkè sápá òsì, iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan ni wọ́n tà fún yín. Sùkùdíráfà sítáà lẹ ó fi yí ìdè tó wà lẹ́yìn iná, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo ògiri. Tí ẹnì kan bá wà pẹ̀lú yín, kó máa sọ fún yín, "Ó kù díẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí i," á yá.

Tí ẹ bá ń kó iṣu bọ̀ láti Ṣakí tí bùútù kún dẹ́nu, imú ọkọ̀ á gbé sókè, iná á sì gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ Yúróòpù kan ní bọ́tìnnì láti 0 sí 3 lẹ́bàá sítíàrìn fún ìyẹn. Ẹ yí i sókè nọ́ńbà bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó. Corolla Amẹ́ríkà kò ní in, nítorí náà tí gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá ń ṣẹ́ fúùlù sí yín lọ́jọ́ náà, ẹ má bá wọn jà.

Ẹ di gílóòbù àtijọ́ méjèèjì dáadáa sínú páálí tuntun náà, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ wọn sí i, kí ẹ fi sínú bùútù pẹ̀lú fíúsì méjì. Tí ọ̀kan nínú tuntun bá kú lójú ọ̀nà, ẹ fi àtijọ́ délé, kí ẹ tó ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí wákàtí tí èyí tó kú lò ni èkejì náà ti lò.